Kílò Mẹ́tàlélọ́gọ́ta

"Ẹ má gbé mi dìde," ni Bàbá wí. "Ẹ fi mí sílẹ̀ níbí ná."

Ó na gbalaja sórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé, bàtà oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó di ojú, ó ń fi ẹnu mí. Ìyá dúró tì í pẹ̀lú ìrọ̀rí lọ́wọ́, kò mọ ibi tí òun yóò tì í bọ̀. Ọmọbìnrin wọn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Sípánà nítorí pé láti kékeré ni kò ti sí ohun tó ní bọ́ọ̀tù tí kì í tú wò, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó fa ọ̀ràn náà. Ó ń wo táyà iwájú bí ẹni ń wo ọ̀rẹ́ tó purọ́ fún un.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ títì. Alájókòó méjì ni, ẹni tó ń wakọ̀ àti ẹnì kejì rẹ̀ a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò ní ilẹ̀kùn, irin ni wọ́n fi yí i ká lókè bí àgò adìyẹ, eyín táyà rẹ̀ sì gùn tó ìka ọwọ́. Ọdún kẹjọ rèé tí Bàbá ti ń gbé e lọ sí oko ọsàn rẹ̀ lórí òkè. Ewúrẹ́ ló sọ ọ́, nítorí kò sí àpáta tí kì í gùn. Kìlómítà mẹ́rin ni ọ̀nà oko náà, òkúta ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọkọ̀ lásán kò sì lè dé ìdajì rẹ̀. Ká fi ẹsẹ̀ rìn ín ńkọ́? Ẹ̀yìn Bàbá, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní oṣù méje sẹ́yìn, kò ní gbà.

Dókítà ti ní kí ó máa lọ sí oko rẹ̀ bí ó bá wù ú, bí ọkọ̀ kò bá ṣáà ti ní máa jù ú sókè sódò. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Sípánà, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní ìlú ńlá, ti bá wọn wá ẹni tí yóò gba oko náà fún ọdún mẹ́wàá, ọlọ́sìn adìyẹ kan tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tiwọn pààlà. Sátidé ni ọkùnrin náà ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé. Bàbá kò bá ọmọ rẹ̀ jà. Ohun tó sọ ni pé bí òun bá wa ọkọ̀ òun dé orí òkè kí ó tó di Sátidé, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ìwé fún òun mọ́ láé. Bí òun kò bá lè dé ibẹ̀, òun yóò tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó gbéra. Kò tíì lọ tó ìdajì kìlómítà tó fi yí padà, tó sì wá sùn sórí sìmẹ́ńtì.

Ọ̀rọ̀ náà dun Sípánà, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó dójú tì í. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ló ń tún ṣe ní ilé iṣẹ́ omi, ó sì ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan nítorí ọkọ̀ yìí. Ó ti pààrọ̀ gbogbo búṣì, rọ́bà oríkèé irin ọkọ̀, tó ti jẹ. Ó ti tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀ kí ó lè máa mu òkúta mọ́ra. Ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì lo àkókò lé lórí jù. Sípíríǹgì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, òrùka irin kan sì wà nídìí rẹ̀: bí èèyàn bá yí òrùka náà sókè, sípíríǹgì á fún, bó bá yí i sílẹ̀, á dẹ̀. Ìwọ̀n ẹni tí yóò jókòó lórí ọkọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ibi tí òrùka yóò dúró. Ní Sọ́ńdè ló ti bi Bàbá pé kílò mélòó ni ó wọ̀n.

"Mẹ́rinlélọ́gọ́rùn-ún," ni Bàbá dáhùn, kò tilẹ̀ ronú. "Bí mo ṣe wà láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọ nìyẹn."

Ibẹ̀ náà ni Sípánà yí i sí.

Ní Túsìdeè, ó ní kí Ìyá wá bá òun jókòó nínú ọkọ̀. Aránṣọ ni Ìyá, obìnrin tó sanra dáadáa tí kò sì tijú rẹ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀ jọ sórí orúnkún, ó di irin mú, ó ní kí ọmọ òun má pa òun o. Wọ́n gba ọ̀nà kan náà, wọ́n gun òkúta kan náà. Ewúrẹ́ kàn ń rọ̀ sílẹ̀, ó ń gbéra sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Bàbá ti yí padà, Ìyá ti jọ̀wọ́ irin náà, ó ń kọrin jẹ́jẹ́.

"Ṣé èyí náà ló dá bàbá yín dùbúlẹ̀?" ló béèrè. "Èmi lè sun oorun ọ̀sán nínú rẹ̀."

Sípánà pa ẹ́ńjìnnì. Ó ka ọ̀ràn náà sókè, ó kà á sódò, bó ṣe máa ń ṣe bí ẹ̀rọ bá kọ̀ ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ kò yí padà, ọ̀nà kò yí padà. Ẹni tó jókòó nìkan ló yí padà.

"Màámi, Bàbá kò wọn mẹ́rinlélọ́gọ́rùn-ún mọ́, àbí?"

Ìyá kọ́kọ́ yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun ti dín ìbàdí ṣòkòtò márùn-ún kù fún un láti ìgbà tó ti ọsibítù dé. Bó bá wọlé wẹ̀ ni òun máa ń ṣe é, òun á tún gbé e kọ́ síbi tó wà. Kò bi òun léèrè rí, òun náà kò sì sọ.

Nírọ̀lẹ́, Sípánà ní kí Bàbá jókòó sínú Ewúrẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí òun wo nǹkan. Ó yá téèpù lọ́wọ́ Ìyá, ó wọn ìdí ọkọ̀ sí ilẹ̀ kí Bàbá tó gùn ún àti lẹ́yìn tó gùn ún. Ọkọ̀ náà kò rọ̀ ju ìbú ìka kan lọ. Ẹni tó wúwo bí Bàbá ṣe wí ì bá ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tó ìbú ìka mẹ́ta. Sípíríǹgì tí ẹni tó jókòó kò bá tẹ̀, òkúta ni yóò tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ẹni tó jókòó ni yóò sì gbà á.

"Kí ni téèpù wí?" ni Bàbá béèrè.

"Ó dára, sà," ni Sípánà dáhùn, ó sì ká téèpù náà.

Kò rí i sọ. Ó yí òrùka sílẹ̀ títí kò fi yí mọ́, síbẹ̀ sípíríǹgì náà le koránkorán. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ra èyí tó nípọn sí i lọ́jọ́ kìíní, nígbà tó jẹ́ pé òun àti àgbá omi kan ni ọkọ̀ ń gbé lójoojúmọ́. Ó kù kí wọ́n wá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí Sípánà bá gbé sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, Bàbá á bi í pé ta ni ó rà á fún. Ó bá ro ọgbọ́n mìíràn: ó di yanrìn sínú àpò mẹ́rin, kílò mẹ́wàá mẹ́wàá, ó tò wọ́n sínú àpótí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi tapólì bò wọ́n.

Ní Wẹ́sìdeè, Bàbá wa ọkọ̀ lọ sí kìlómítà kejì, ó sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ó ní àwọn tó ń pe ọmọ òun ní Sípánà kò tíì sọ ọ́ tán, ìyá gbogbo sípánà ni. Lọ́jọ́ náà ó jẹun ní tábìlì, kò jẹun lórí bẹ́ẹ̀dì. Inú Sípánà dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú dídùn tó ń jẹ́ kí èèyàn sùn.

Tọ́sìdeè ni wọ́n jọ gbéra láti lọ dé òkè. Bàbá ló ń wakọ̀, Sípánà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí wọ́n fi dé ibi tí ọ̀nà ti dìde dúró bí àkàbà, nísàlẹ̀ oko gan-an. Wọ́n dé àárín rẹ̀ ni iwájú Ewúrẹ́ fúyẹ́. Bàbá yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ọ̀tún, ọkọ̀ kò yà. Táyà iwájú ń fọwọ́ kan ilẹ̀, ó tún ń fi í sílẹ̀. Bàbá tẹ bíréèkì, ó fi ọkọ̀ sí ẹ̀yìn, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi tó tẹ́jú. Ó pa á, ó sọ̀kalẹ̀, ó di irin mú yí ọkọ̀ ká, ó sì ṣí àpótí ẹ̀yìn.

Ó ká tapólì sẹ́yìn, ó sì rí àwọn àpò náà.

"Ta ló kó yanrìn síbí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí ló wà fún?"

"Kí Ewúrẹ́ lè rò pé ẹ̀yin àtijọ́ lẹ jókòó lórí òun."

Bàbá fi ìka ka àwọn àpò náà. "Ogójì kílò?"

"Mo fojú díwọ̀n ni. N kò mọ iye tí ẹ fi fúyẹ́ gan-an."

"Ìyá rẹ mọ̀ sí i?"

Sípánà bẹ̀rẹ̀ sí ká tapólì náà pọ̀.

"Ó rò pé n kò mọ̀ pé òun ń dín ṣòkòtò mi kù," ni Bàbá wí. "Ta ni ṣòkòtò rẹ̀ yóò máa tóbi jù ú lálẹ́, tí yóò bá a mu régí láàárọ̀, tí kò ní mọ̀?" Ó jókòó sí etí àpótí náà. "Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kékeré kan wà níbẹ̀, kò ga tó èjìká mi. Ọwọ́ kan ló fi ń yí mi padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wá sọ fún ara mi pé bí mo bá délé, n ó tún wúwo. Mo ń retí rẹ̀. Ẹ̀yin náà sì ń bá mi retí rẹ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìretí yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú wa dé lónìí." Ó tọ́ka sí òkè gígún náà, níbi tí yanrìn ẹ̀yìn ti gbé iwájú ọkọ̀ sókè. "Ọkọ̀ kì í gba ẹ̀tàn bí èèyàn. Kó wọn dànù."

Sípánà da yanrìn náà sẹ́bàá ọ̀nà, àpò kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n rọra wá sílé, òkúta kọ̀ọ̀kan ń sọ tẹnu rẹ̀ fún ẹ̀yìn Bàbá, ṣùgbọ́n kò kérora. Kò dùbúlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ó lọ tààrà sí yàrá ìkẹ́rù, níbi tí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọsàn wà, ó bọ́ bàtà, ó gùn ún, ó sì pe Ìyá.

"Kà á sókè, kí ọmọ rẹ gbọ́."

Ìyá wọ gíláàsì rẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò. "Mẹ́tàlélọ́gọ́ta."

Lẹ́yìn náà ni Ìyá bọ́ gíláàsì, ó ń fi etí aṣọ nù ún. "Kílò méjìlélógún ni mo fi jù yín lọ, Bàbá wọn. Ó jọ pé èmi ni ọkọ inú ilé yìí látòní lọ."

Ẹ̀rín ni Bàbá kọ́kọ́ fẹ́ gbé mì, ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ó ní kí ọkọ òun lọ wá nǹkan tí òun yóò jẹ, kó sì pọ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Sípánà ti wà ní ọgbà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù. Ó tú òkìtì irin títí ọwọ́ rẹ̀ fi dúdú, ó fi téèpù wọn ìnípọn, ó fi gbogbo ara tẹ sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan wò, ọlọ́jà ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Níkẹyìn ó rí mẹ́rin lára ọkọ̀ tó fúyẹ́ ju tiwọn lọ. Ní Fúráìdeè, láti àárọ̀ kùtù, ó fún wọn pọ̀, ó tì wọ́n bọ ṣọ́ọ̀kì, ó dì wọ́n. Bàbá jókòó, ó dìde, ó tún jókòó, nígbà tí Sípánà ń wọn ìdí ọkọ̀ tó sì ń yí òrùka. Ní ìgbà kẹrin, ọkọ̀ rọ̀ tó ìbú ìka mẹ́ta.

"Ó ku ti òkè," ni Bàbá wí.

Wọ́n gbéra lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ara ọkọ̀ ń mì o, kì í ṣe bí ẹni jókòó sórí tìmùtìmù, ṣùgbọ́n òkúta ti dákẹ́ ariwo. Ní ẹsẹ̀ òkè gígún, Bàbá dúró díẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì tẹ iná. Táyà iwájú di ilẹ̀ mú. Ó yà sọ́tùn-ún nígbà tó ní kó yà, ó yà sósì, ìgbà tí Sípánà yóò sì fi rántí láti mí, ewé ọsàn ti ń fọwọ́ ra irin orí ọkọ̀. Bàbá sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó sọ èkejì. Ó nàró. Koríko ti ga dé orúnkún rẹ̀ láàárín igi.

Ó rìn díẹ̀, ó sinmi, ó tún rìn. Nígbà tó padà dé, ó ní kí Sípánà bá òun pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé òun ń pè é láti orí òkè. Ẹ̀gbọ́n náà ní ó dára bẹ́ẹ̀, òun yóò sọ fún ọlọ́sìn adìyẹ náà kó má wá mọ́.

"Rárá, jẹ́ kó wá," ni Bàbá wí. "Irínwó igi ló wà níbí. Ẹni kílò mẹ́rinlélọ́gọ́rùn-ún ló gbìn ín. Ẹni kílò mẹ́tàlélọ́gọ́ta kò lè ro gbogbo rẹ̀. Kó gba apá ìsàlẹ̀. Apá òkè yìí, èmi ni mo ni ín, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀."

Ó dá fóònù padà fún Sípánà kí ẹnìkejì tó rí ohun sọ. Ó tún gun ọkọ̀, ó ní kó ka ìlà igi fún òun láti etí oko lókè. Nígbà tó ka ìkẹwàá, Bàbá yí ọwọ́ ọkọ̀, ó sì ń wa Ewúrẹ́ lọ jẹ́jẹ́ láàárín ìlà náà àti èyí tó tẹ̀ lé e, láti òpin kan dé òpin kejì, táyà ń tẹ koríko gíga náà mọ́lẹ̀ ní ipa méjì, kí ó lè hàn sí ẹni tó bá dé lọ́la ibi tí ti Bàbá parí sí, tí tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀.