Irin Kan Láàárín Àna Méjì

Ẹ́ńjìnì dísẹ́lì tí Baba Èéfín ń wà ní yáàdì rélùwéè dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ. Kì í rìnrìn àjò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ti wágọ̀nù tí wọ́n ń kó ẹrù sí síwájú, kó máa fà á sẹ́yìn, títí wọn á fi tò bí ọ̀gá yáàdì ṣe fẹ́. Bó bá ti jí láàárọ̀, á wúkọ́ èéfín dúdú sójú gbogbo ayé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ awakọ̀ rẹ̀ lórúkọ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, inú Baba Èéfín dúdú ju èéfín náà lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé báàgì kan dé ilé rẹ̀, ojú òsì rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì. Ọkọ rẹ̀ ló lù ú. Ta sì ni ọkọ náà? Ẹnudùn ni o, ẹni tó ń so wágọ̀nù mọ́ ẹ́ńjìnì Baba Èéfín gan-an! Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Baba Èéfín fúnra rẹ̀ ló mú un wálé tó ní, "Ọmọ dáadáa ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dùn ún ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Ẹnudùn dé, kò kí i. Baba Èéfín tutọ́ gba ojú fèrèsé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí. Irin kékeré kan wà níwájú awakọ̀, òun ló ń pinnu bóyá ẹ́ńjìnì á lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnì lè pariwo títí dọ̀la, kò ní kúrò lójú kan. Kí Ẹnudùn tó wọ àárín wágọ̀nù, á wá sábẹ́ fèrèsé, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, irin mi dà?" Awakọ̀ á yọ ọ́ fún un, Ẹnudùn á kì í bọ àpò ara rẹ̀. Bí irin bá wà lọ́wọ́ awakọ̀, kò séèyàn láàárín nìyẹn. Bí ọ̀gá bá ti ju àsíá, kó máa lọ.

Ṣùgbọ́n kéèyàn tó béèrè irin, á kọ́kọ́ lanu. Ẹnudùn ò fẹ́ lanu. Ìgbéraga burúkú! Ó gba abẹ́ fèrèsé kọjá, imú lókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ àárín wágọ̀nù méjì lọ tún ìkọ́ tó há ṣe.

Baba Èéfín rí i nínú dígí. Irin ṣì wà níbi tó wà. Àfi bí ọ̀gá ṣe ju àsíá lókèèrè: máa tì í bọ̀ lẹ́yìn!

Baba Èéfín rò ó. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Ẹnudùn ò gba irin. Ọ̀gá sì ju àsíá. Ìwé òfin gan-an á gbè é lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí irin. Ojú àbúrò rẹ̀ ló ń rí, bó ṣe ń fi ẹnu tó bẹ́ mu omi. "Kú síbẹ̀," ló wí, ó sì wí i síta.

Ọ̀gá tún ju àsíá. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá fi èébú tì í: "Baba Èéfín! Ṣé o ti kú sórí ìjókòó ni? Àgbàyà!" Gbogbo yáàdì bú sẹ́rìn-ín.

Baba Èéfín fa irin náà yọ, ó jókòó lé e mọ́lẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa tún kàn án.

Nígbà tó yá, Ẹnudùn jáde, gírísì kún ọwọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ èébú náà, ó sì dùn mọ́ ọn. "Àwọn kan ti darúgbó," ló wí, "wọn ò kàn fẹ́ gbà ni."

"Bọ̀ níbí." Baba Èéfín sọ̀ kalẹ̀, ó na irin sí i lójú. "Ṣé o gba èyí lọ́wọ́ mi?"

Ẹnudùn fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wo wágọ̀nù, ó wo àsíá lọ́wọ́ ọ̀gá, ó jókòó pẹ̀tẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n... ẹ ṣeun. Ọlọ́run á..."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ju àsíá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fẹ́ pa ọ́. Lọ sọ fún ọ̀gá kó gbé ọ lọ síbòmíì. Bó o bá sì délé, kó ẹrù àbúrò mi síta."

Ẹnudùn dìde, ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọ. Baba Èéfín dúró títí ó fi lọ jìnnà, ó wá gun àtẹ̀gùn ẹ́ńjìnì padà, irin náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.