Aago Tí Ìyàwó Mi Kọ Sára Kàlẹ́ńdà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi, ọmọ wa kan ṣoṣo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ó fẹ́ rí ojú mi kí wọ́n tó gbé òun wọlé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ, àwòrán dúró gbagidi lójú fóònù, ohùn já, ìyá sì lọ láìgbọ́ ohùn ọmọ. Irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀.

Inú ọkọ̀ ojú omi ni a ti ń gbé láti ọdún mọ́kànlá, a so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri òkúta èbúté. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè gun àkàbà ògiri náà mọ́. Mo rán ẹni tó ń bá wa tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tí gbogbo èbúté ń pè ní Má-Fọwọ́-Kàn-án, pé kó ra ẹ̀rọ wáyáfáì wá. Nínú yàrá, kò mú nǹkan kan. Ó ní irin ara ọkọ̀ ló dínà mọ́ ọn, ó sì so eriali rẹ̀ mọ́ òpó lókè. Ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, ó tún kú. Má-Fọwọ́-Kàn-án gbójú sókè wo ògiri tó ti ga ju òpó wa lọ.

"Bàbá, omi ti fà, inú kòtò lẹ wà. Ṣé kí nẹ́tíwọ̀kì wá máa na ọrùn wò yín ni?"

Mo wọlé. Lára kàlẹ́ńdà ìyàwó mi, aago kan wà lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan títí di ọ̀sẹ̀ tó kú, pẹ́ńsùlù ló fi kọ ọ́. Mo ti rò pé aago oògùn ni. Bí mo ṣe wò ó fínnífínní, aago tí ó fi máa ń pe ọmọ rẹ̀ ni. Mo máa ń bá a wí pé kò ní àkókò kan pàtó, pé oúnjẹ ń tutù. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣọ́ omi. Lójoojúmọ́, ó ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ sí i kó tó kún, kó tó gbé ọkọ̀ ga dé etí ògiri, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú ìṣirò ìyàwó mi. Èmi tí mo kàwé mẹ́wàá, n kò mọ̀.

Mo ṣírò rẹ̀ dé Ọjọ́bọ̀, mo ní kí ọmọ pè mí ní aago mọ́kànlá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo jókòó. Omi ń kún, okùn ọkọ̀ dẹ̀. Etí ògiri ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo rí òrùlé, mo rí orí àwọn tó ń kọjá, mo rí ẹsẹ̀ wọn. Odindi odò ń gbé mi sókè láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú ọmọ mi yọ lójú fóònù, ó mọ́ kedere.

Mo sọ ohun tí mo rí lára kàlẹ́ńdà fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

"Màámi ní kí n má sọ fún yín. Wọ́n ní ẹ ó ṣàlàyé rẹ̀ títí oúnjẹ á fi tutù."

Mo rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Mo súre fún un, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó já. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé e lọ. Wọ́n ní ó di ọ̀la kó tó lè sọ̀rọ̀.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mo mú pẹ́ńsùlù rẹ̀, mo kọ sábẹ́ Ọjọ́ Ẹtì: aago méjìlá.