Èéfín Ẹbu Felicia

Adéníran so ẹ̀rọ kékeré tó fi ń wọn èéfín mọ́ ara òpó, níbi tí ọgbà ilé ìwé ti bá ẹbu epo pupa Felicia pààlà lẹ́yìn ìlú Ẹmùré. Láti Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ti pè é. Ó ti kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀, kí iná tó wọ ìdí àgbá ńlá tí wọ́n fi ń se ẹyìn, nítorí ọyẹ́ ń fẹ́, kò sì yẹ kí ẹ̀rọ ka eruku mọ́ èéfín. Ọgbọ̀n ni ẹ̀rọ mú wá.

Àdéhùn tí Baba Morákinyọ̀ bá Felicia ṣe lórúkọ àdúgbò kò lọ́jú pọ̀: bí iná bá ń jó tí iye náà kọjá àádọ́ta, kí ó kó ẹbu rẹ̀ lọ sínú oko. Felicia kò sì ní ilẹ̀ lóko. Ikọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ló fa ọ̀rọ̀, Felicia kò sì jiyàn. Àbúrò rẹ̀ Táíwò, wẹ́dà tó ti Ìbàdàn padà wálé, ló tún ìdí iná ṣe. Ó fa páìpù èéfín ga sókè, ó sì dá ihò sí ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Ìhá, pàǹtí ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀, tí wọ́n máa ń dà síná ní tútù tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń sá a gbẹ lórí páànù. Ohun tó bá jó dáadáa kì í rú èéfín púpọ̀.

"Bọ̀dá Adéníran, ó ti di mélòó?" ni Felicia bi í nígbà tí iná ti ń jó.

"Ìyá Favour, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ ìkánjú."

Nígbà tó wò ó, ó fajú ro. "Ọgọ́fà."

Felicia rọra jókòó sórí ìdì ẹyìn. Baba Morákinyọ̀ mi orí. "Ọmọ mi, o ò ṣe àìgbìyànjú."

Ṣùgbọ́n páìpù ni Táíwò ń wò. "Baba, ẹ wo èéfín wa, apá oko ló ń lọ. Èwo wá ni mò ń gbóòórùn yìí?"

Ó tẹ̀lé imú rẹ̀ yí ògiri ká. Ìyá ọkọ Felicia ló bá níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fẹ́ iná igi tútù, èéfín rẹ̀ sì ń gba ibi tí ẹ̀rọ wà kọjá.

"Mọ̀ọ́mi! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ṣé kí àlejò febi padà sí Ìkẹ́rẹ́ ni? Uṣu ni mo ń sun fún un, kó fi epo tuntun jẹ ẹ́."

"Iṣu yín ti fẹ́ lé wa nílùú!"

"Uṣu ẹyọ kan?"

Ẹ̀rín pa Adéníran. Baba Morákinyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Àwáwí kọ́ lẹ ń wá yìí?"

"Baba, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì," ni Táíwò dáhùn.

Wọ́n gbé iná iṣu lọ sápá ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Wọ́n dúró títí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fi mọ́, Táíwò da ìhá gbígbẹ kún ìdí àgbá kí iná má ṣe rẹlẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Felicia kò lè wò ó. Ó kọjú sí igi ọ̀pẹ.

Nígbà tó yá, Baba Morákinyọ̀ fi gíláàsì sójú, ó sún mọ́ ẹ̀rọ.

"Méjìlélógójì," ó ní. Ó tún un kà. "Méjìlélógójì ni o."

Felicia mí kanlẹ̀.

"Níbí lo ti máa fúnpo rẹ," ni Baba wí. "Ẹyìn tèmi náà wà lóko tí mo fẹ́ kó lọ fún ní Ìṣẹ̀. Ìwọ ni màá gbé e wá fún lọ́la."