Ojú Tí Mo Fún Awakọ̀ Katapílà

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ka sí ìwé títà igbó ẹ̀yìn Agbówó, ọjọ́ Jímọ̀ náà ni mo ní kí wọ́n wá wo sinimá mi. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹni tó bá ní mi ò mọ̀ ọ́n, irọ́ ló pa.

Igbó ìdílé wa ni, ẹ̀yìn ilé wa gan-an ló wà. Ojúlé mẹ́rin ló ni ín, bí ojúlé kan ò bá sì tẹ̀ka, kò sẹ́ni tó lè tà á. Mẹ́ta ti tẹ̀ka. Ó ku tiwa. Alàájì Sàláwù, mọ́gàjí ìdílé, ni yóò tẹ̀ka fún un. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Òun ló tọ́ mi láti ọmọ ọdún márùn-ún tí bàbá mi ti kú. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ, agbaṣẹ́ṣe tó fẹ́ kọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ síbẹ̀, ti gbé katapílà rẹ̀ sétí igbó láti Ọjọ́rú, ìka kan ṣoṣo ló ń retí.

Èmi, àwòrán ni mò ń yà fún ètò àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n. Kàtúùnù ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará ilé wa ní eré ọmọdé ni. Kí wọ́n máa wí. Àwòrán tó lé ní ẹgbàá ni mo fọwọ́ ara mi yà sórí rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fún oṣù mẹ́jọ, kí sinimá ìṣẹ́jú mẹ́ta tó jáde. Ìtàn inú rẹ̀ kò le rárá: katapílà fẹ́ wó igbó, àwọn ẹranko ní àwọn ò gbà.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n péjọ sí pálọ̀ Alàájì. Mo fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, mo ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, mo gbé ẹ̀rọ sinimá tí mo yá níbi iṣẹ́ sórí tábìlì. Orí tábìlì yẹn náà ni ìwé títà wà, pẹ̀lú páàdì íǹkì. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Láwùmí, kò ní pẹ́, àbí?" Alàájì béèrè.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni, Bàbá."

Ó yíjú sí agbaṣẹ́ṣe. "Ọmọ mi nìyẹn o. Tẹlifíṣọ̀n ló ń bá ṣiṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, nítorí ìjà ni mo gbé wá.

Mo tan ẹ̀rọ. Ìgbín tú jáde, wọ́n fi omi ara wọn kun ojú ọ̀nà, katapílà yọ̀ gẹ̀rẹ̀. Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sọ ẹyìn lu irin, òkété ń gbẹ́ ihò sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ pàápàá rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ti ń wọ̀ wọ́n lára. Ìgbà yẹn ni awakọ̀ katapílà yọ orí síta.

"Yéè!" Ìyá Zùwáírátù, ẹ̀gbọ́n Alàájì lóbìnrin, fi igbe ta. "Bàbá wa rèé!"

Ẹ̀rín dá. Mo tún aṣọ funfun wò. Àbàjà ilé wa ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ awakọ̀ náà, pákò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ lósì. Bàbá àgbà mi ni, ọdẹ tó fi igbó yẹn sílẹ̀ fún wa, tí pákò kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ojú àgbàlagbà kan ṣáá ni mo fẹ́ yà, ojú àgbà tí kò bá sì nílà, lójú tèmi, kò tíì parí. Ilà kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi mọ̀ ni ti ilé wa. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi tẹjú mọ́ ọn, mi ò mọ ẹni tí mò ń yà.

Alàájì dìde. "Pa á."

Mo pa á. Ẹnì kan ká aṣọ fèrèsé kúrò.

"Bàbá mi lo gbé sórí katapílà?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò—"

"Dákẹ́! Ọgọ́rin ọdún ni bàbá mi lò láyé, kò ta ẹsẹ̀ bàtà ilẹ̀ kan. Bó bá rí ẹtu, á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lóyún kó tó yìnbọn. Òkú ọ̀run lo wá dá lẹ́bi ohun tí kò ṣe! Yọ ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ti ń bí mi, ẹnu mi ò sì bá orúnkún mi kúnlẹ̀.

"Màá yọ ọ́, Bàbá. Ojú ta wá ni kí n fi síbẹ̀?"

Ẹyin lohùn, tèmi ti fọ́ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ sún àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

"O rò pé ó wù mí ni?" Ohùn Alàájì ti lọ sílẹ̀. "Àwọn ìjọba ti wá wọn ilẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Bí a ò bá tà á, wọ́n á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ojúlé mẹ́ta á sì máa ṣépè fún mi títí màá fi kú. Ìgbín rẹ ò lè dá ìyẹn dúró."

"Ẹ̀yin lè dá a dúró. Ìka kan ló kù, Bàbá."

Ó wo ìwé. Ó wo aṣọ funfun tó ṣófo. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi, mo ń bẹ̀ Ẹ́ gidi. Alàájì jókòó, ó ti àtàǹpàkò bọ íǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ ò jẹ́ kí íǹkì gbẹ tó fi gbé e jáde.

Kò pẹ́ tí katapílà fi bú ramúramù lẹ́yìn ilé. Mo ń di ẹrù mi, mo ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

"Má tíì dì í," Alàájì ní. "Pẹ́ńsù rẹ dà?"

"Ó wà nínú àpò, Bàbá."

Ó ṣí fìlà, ó kọjú sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè ba ojú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì dúdú.

"Tèmi ni kó o fi síbẹ̀. Yà á bó ṣe rí. Má ṣe bá mi tún un ṣe."

Ó wù mí kí n kọ̀. Ẹni tó tọ́ mi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń bí mi dé eegun. Igi kan wó lẹ́yìn ilé, Ìyá Zùwáírátù kígbe, ṣùgbọ́n Alàájì ò yíjú.

"Ṣé o ti ń yà á?"

"Mo ń yà á, Bàbá."