Ìyá Béèrè Iyọ̀

Ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ni, kò ṣe é ṣì mọ̀. Ààrò rèé, odó rèé, àjà tí èéfín ti sọ di dúdú náà rèé. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí ẹ̀yìnkùlé wọn ní Èjìgbò wà, omi ọ̀sà Àbíjàn ló tẹ́ lọ salalu, kò sì mì rárá. Iná ń jó nínú ààrò, kò gbóná. Làsísì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ìrìnàjò rẹ̀. Ó fẹ́ gbé àpò náà kalẹ̀ kó lè wọlé, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò ṣí.

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń bẹ iṣu. Bó ṣe ń bẹ ẹ́ nígbà ayé rẹ̀ náà ló ṣe ń bẹ ẹ́: èèpo rẹ̀ ń yí bọ̀ gbọọrọ, kò já, títí ó fi balẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Àkànó, ṣé o ti dé?"

"Mo ti dé, Ìyá mi. Ó ti ṣe díẹ̀."

"Hẹn-ẹn." Ó rẹ́rìn-ín, irú èyí tó máa ń rín sí ọlọ́jà tó bá ń parọ́ fún un. "Ó dáa. Bá mi mú iyọ̀ wá."

Iyọ̀ lásán! Ọkùnrin tó ta páàtì mọ́tò káàkiri Àbíjàn fún ọdún gbọọrọ kò mọ ibi tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Ta ni ì bá sì fi hàn án? Láti ìgbà tó ti dé, Àṣàkẹ́ àbúrò rẹ̀ ló ń dáná, òun ló ń pọn omi ìwẹ̀ rẹ̀, òun ló ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nínú àwo tí wọ́n ń lò fún àlejò. Bí Làsísì bá jẹun tán, á ní "mèsí", bí ẹni tó jẹun ní búkà. Àṣàkẹ́ á ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ilé yín mà ni, ẹ yé dúpẹ́ bí àlejò." Lóòótọ́, ẹni tó bá pẹ́ lájò, ara rẹ̀ kì í tètè mọ̀ pé òun ti délé. Ṣùgbọ́n ti Làsísì ti ń di ọ̀lẹ.

Ọ̀lẹ náà sì ń pa ẹlòmíràn lára. Múdà, ọmọ Ìwó, ti ń fẹ́ Àṣàkẹ́ kí àìsàn ìyá wọn tó bẹ̀rẹ̀. Àṣàkẹ́ ní òun kò lè fi aláìsàn sílẹ̀. Ìyá kú, ó ní òun kò lè ti ilé pa, kí Bọ̀ọ̀dá òun dé ná. Bọ̀ọ̀dá dé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, Làsísì gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé tí ó ń bẹ ọkùnrin náà: "Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n mi ò tíì mọ ilé." Múdà ní, "Mo ti ṣe sùúrù, Àṣàkẹ́. Àwọn ará ilé wa ti ń sọ fún mi pé kí n yà síbòmíràn." Làsísì gbọ́ ọ yékéyéké. Ó jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ó sì sùn.

Níwájú ìyá rẹ̀, ó wá ń wo orí pẹpẹ, ó ń wo ẹ̀yìn ìkòkò omi. Kò rí iyọ̀.

"Ìyá mi, n kò mọ ibi tí wọ́n ń fi í sí."

"Èmi náà kò mọ̀ ọ́n mọ́," ni ìyá rẹ̀ fèsì jẹ́jẹ́. "Ilé ti kúrò lọ́wọ́ mi. Àlejò ni mo jẹ́ níbí."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún wọra. Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti àpò lọ́wọ́. "Ẹ dárí jì mí. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé àìsàn yín ti le, mo ní kí ọjà mi dé ná. Ọjà dé, n kò bá yín."

"Wọ́n sin mí, wọ́n sì sin mí dáadáa. Dìde. Ta ní bi ọ́ léèrè ìyẹn? Iyọ̀ ni mo ní kí o mú wá."

Ìkòkò orí ààrò ti ń hó. Òórùn epo gba imú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣàdédé ṣí, àpò jábọ́. Ó nawọ́ sí ìkòkò. Ìyá rẹ̀ fi èkù ọ̀bẹ gbá a lọ́wọ́.

"Kúrò níbẹ̀! Ṣé bí wọ́n ṣe ń jẹun lójú oorun ní Àbíjàn nìyẹn?" Lẹ́yìn náà ló tó wò ó lójú. "Àlejò méjì ò lè gba ara wọn lálejò, Àkànó. Èmi ti lọ. Ìwọ ò tíì dé. Ta ló wá wà nílé?"

"Àṣàkẹ́ wà nílé."

"Títí di ìgbà wo?"

Ó jí. Oòrùn ọ̀sán ti rọlẹ̀, àwo oúnjẹ tó jẹ tán ṣì wà lórí àpótí níwájú rẹ̀. Ojú ara rẹ̀ tì í. Ó gbé àwo náà, ó fọ̀ ọ́, ó sì kọjá sí ilé ìdáná. Iyọ̀ wà nínú agolo mílíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè rí i. Ó bẹ iṣu, ó gé lára ẹran iṣu ju èèpo lọ. Ó gbé àsáró kaná.

Nígbà tí Àṣàkẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ dé, tó rí èéfín, ńṣe ló sáré wọlé. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú! Oníbàárà ló dá mi dúró. Ebi ti pa yín nìyí!" Ó ti ń gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fi sílẹ̀. Jókòó," ni Làsísì wí. "Mo gbọ́ ohun tí Múdà sọ láàárọ̀. Ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Èmi ni n ó gbà wọ́n lálejò."

"Ta ni yóò máa tọ́jú yín?"

"Àgbàlagbà ni mí, Àṣàkẹ́. O ti ṣe é tó."

Omi lé ròrò sí Àṣàkẹ́ lójú, ó sì jókòó. Làsísì bu àsáró fún un. Ó jẹ ẹ́ kíákíá, láìdúró kó tutù, ojú rẹ̀ ń lọ sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pè níṣẹ́. Làsísì dúró, ó ń wò ó. Ó wá yé e pé láti ọjọ́ tí òun ti dé, òun kò tíì rí àbúrò òun kó jókòó jẹun rí.