Ímeèlì Gbọ́lágadé

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe fìdáù Gbọ́lágadé tán, ìyá rẹ̀, Àlàájà Sìlífátù, pe Mọ̀nsúrát ọmọ rẹ̀ obìnrin sínú yàrá nílé wọn ní Alákijà.

"Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń kọ sí ẹ lórí kọ̀ǹpútà, bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi."

"Kò le, Màmá. Ó wà ní ọ́fíìsì. Màá tẹ̀ ẹ́ wá lọ́la."

Jóhánẹ́sbọ̀ ni Gbọ́lágadé ti ń ṣe mẹkáníìkì kí ọkọ̀ tó gbá a pa. Owó ìpè wọ́n nígbà náà, ímeèlì ọ́fíìsì Mọ̀nsúrát ló máa ń kọ̀wé sí. Bí Mọ̀nsúrát bá délé, á sọ fún ìyá wọn ohun tó jẹ, ẹni tó bá jà, bí òtútù ṣe mú un. Jóhánẹ́sbọ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Kò sí ẹrù kankan tó padà wálé.

Ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn kó ẹrù jáde ní èbúté ni Mọ̀nsúrát ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́bàá Apple Junction. Àpótí ímeèlì wọn kéré, bó bá ti kún, kì í gba tuntun mọ́. Nítorí náà, Rùfáì tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn la fáìlì fún kálukú lórí sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo tiwọn so mọ́, pé kí wọ́n máa kó ímeèlì àtijọ́ síbẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni kò ti ní sọnù. Mọ̀nsúrát kó ti àwọn oníbàárà síbẹ̀, ó kó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fáìlì náà kọ̀, kò ṣí. Ó gbìyànjú títí, ó wá pe Rùfáì.

"Àǹtí Mọ̀nsúrát, ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ Ẹtì. Mo ń kó nǹkan sínú ẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná, jẹnẹrétọ̀ ò sì tètè gbé e."

Rùfáì fa àga jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà. Ó gbé ètò àtúnṣe kan sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń wò ó títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tí fáìlì náà ṣí, àwọn orúkọ tí Mọ̀nsúrát fi pín in ṣì wà níbẹ̀: Kọ́sítọ́ọ̀mù, Ọ̀gá, Bọ̀dá Gbọ́lá. Ó tẹ Bọ̀dá Gbọ́lá. Òfìfo ni.

"Ẹ̀dà gbogbo fáìlì tí ẹ máa ń ṣe sórí téèpù lálaalẹ́ ńkọ́?" Mọ̀nsúrát bi í.

Rùfáì yẹ àwọn téèpù náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó padà dé, kò lè wojú ẹ̀.

"Ẹ̀rọ yẹn kì í dà á kọ bí fáìlì bá wà ní ṣíṣí. Ẹ kì í pa kọ̀ǹpútà yín bí ẹ bá ń lọ sílé, fáìlì yín sì máa ń wà ní ṣíṣí mọ́jú."

"Ẹ̀yin lẹ ní ká má pa á o! Ẹ ní kí ímeèlì lè máa wọlé."

"Èmi ni, Àǹtí. Mi ò mọ̀ pé á máa fò ó ni. Ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀gá wọn, Yíwọlá, pariwo, ó sì ní kí wọ́n bẹ àwọn oníbàárà kí wọ́n tún fi tiwọn ránṣẹ́. Wọ́n sì fi í ránṣẹ́. Ta ni Mọ̀nsúrát fẹ́ bẹ̀ ní tiẹ̀? Ó lọ sí kàfẹ́ kan ní Festac, ó gbìyànjú láti wọ ímeèlì Gbọ́lágadé. Kò mọ ọ̀rọ̀ tó fi ń ṣí i, ó tẹ orúkọ ìyá wọn, ó tẹ ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tẹ orúkọ ọmọbìnrin tí Gbọ́lágadé fẹ́ràn nígbà kan. Kò sí èyí tó ṣí i nínú wọn, ímeèlì náà sì tì pa mọ́ ọn. Ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ tó ń bá Gbọ́lágadé gbé ní Jóhánẹ́sbọ̀. Ọ̀rẹ́ náà ní òun ò mọ nǹkan tó fi ń ṣí i.

Nígbà tí kò rí ọgbọ́n dá mọ́, ó sọ fún ìyá rẹ̀. Àlàájà ò bínú. Ó jọ pé kò tiẹ̀ yé e.

"Ìwọ ṣáà kà á. Sọ fún mi."

Mọ̀nsúrát sọ ti ajá onílé tó gbé bàtà Gbọ́lágadé sá lọ, tó fi wọ sílípáàsì lọ síbi iṣẹ́.

"O ti sọ ìyẹn fún mi. Báwo lòun fúnra ẹ̀ ṣe sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Mọ̀nsúrát ronú títí. Ó rántí ajá, ó rántí bàtà, kò rántí bó ṣe kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ dúró dè é díẹ̀, ó wá yíjú sí ògiri. Mọ̀nsúrát jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì.