Ibi Tí Okùn Bọ́ọ̀lù Kọjú Sí

"Okùn ló tún ń wò mí lójú yìí," Cody wí. Ó gbé bọ́ọ̀lù náà sókè kí Wendell lè rí i. "Ó kọjú sọ́tùn-ún, ó kọjú sósì, kò sí ibi tí kò kọjú sí. Bàbá àgbà, ṣé ọtí lo mu láàárọ̀ ni?"

"Bóyá kápẹ́ẹ̀tì ni."

"Ṣé kápẹ́ẹ̀tì ló ń jù ú ni?"

Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n wà. Wọ́n ti kó àga kúrò níbẹ̀ kí ẹgbẹ́ Toledo lè nara díẹ̀ kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí pápá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday yẹn ni àṣekágbá bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà sì máa ń tìtorí rẹ̀ din apá adìẹ, tí wọ́n á sì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Ọdún kẹtàlá Wendell Prusak nìyí lẹ́nu iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí Cody fi ń pè é ní bàbá àgbà; ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì dé àṣekágbá rí ṣáájú èyí. Àdéhùn rẹ̀ ti fẹ́ parí. Ó mọ̀ pé wọn kò ní tún un ṣe.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ta bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjèèjì, òun ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò jù ú gba àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sẹ́yìn sí Cody. Cody, tó ti kúnlẹ̀, yóò gbá a mú, yóò nà án ró lórí koríko, ẹlòmíràn yóò sì sáré wá ta á. Bọ́ọ̀lù wọn kì í ṣe roboto. Ó gùn, ó ṣóńṣó lórí àti nídìí, okùn tí wọ́n fi rán an sì yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹsẹ̀ atabọ́ọ̀lù bá bá okùn yẹn pàdé, bọ́ọ̀lù lè yà bàrá. Nítorí náà, okùn gbọ́dọ̀ kọjú sí òpó.

Ohun tí Wendell fẹ́ràn nínú iṣẹ́ náà ni pé kò sí idán níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù máa ń yí bó ṣe ń lọ. Bó bá ń kúrò lọ́wọ́ ẹni bákan náà nígbà gbogbo, tí ẹni tó ń gbá a mú kò sì kúrò lójú kan, ibì kan náà ni okùn yóò máa kọjú sí tó bá dé. Ìka ìfábẹ̀lá ló ń kúrò lára rẹ̀ kẹ́yìn; ìka yẹn ló ń yí i. Kò sẹ́ni tó mọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn.

"Bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn," Cody wí.

Wendell bọ́ ọ. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wú, ó sì ti dúdú.

"Yéè! Kí ló ṣe é?"

"Tábìlì ìlọṣọ ni. Mo lọ aṣọ ọmọ mi lánàá, nítorí fọ́tò. Mo ní kí n pa tábìlì dé, ló bá gé mi jẹ."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Cody, ó gbé e mì. "Dókítà mọ̀?"

"Ìwọ nìkan ni."

"Ó dáa, gbọ́. Èmi ò rí nǹkan kan. Bí okùn bá dé gbígbún, màá yí i kó tó dé ilẹ̀. Ṣebí ohun tí mò ń ṣe látàárọ̀ nìyẹn."

"Ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Ṣé kí n máa sọ òótọ́ ni, àbí kí n máa tù ẹ́ nínú?"

Wendell wo òdìkejì gbọ̀ngàn. Levon Purvis ń nara níbẹ̀, géńdé kan tó jẹ́ pé dídínà mọ́ alátakò ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ó ti ṣe irú iṣẹ́ Wendell rí ní yunifásítì. Bí Wendell kò bá lè ṣe é, òun ló kàn.

"Levon! Wá ju díẹ̀."

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, okùn tèmi kì í dọ́gba. Kóòṣì wa ní yunifásítì bú mi títí ó fi sú u."

"Jù ú."

Levon bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó jù ú. Okùn kọjú sósì. Ó tún un jù, òsì náà ni. Wendell wá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Cody. Òsì náà ni.

"Mo kúkú sọ fún yín," Levon wí. "Ṣé kí n yí ọwọ́ padà?"

"Má ṣe nǹkan kan sí ọwọ́ ẹ. Cody, ìwọ ni kó o sún sẹ́yìn. Díẹ̀ báyìí."

Cody sún. Bọ́ọ̀lù dé, ó ku díẹ̀ kí okùn tọ́. Ó tún sún. Lọ́tẹ̀ yìí, okùn kọjú síwájú gbọnrangandan. Levon tún un jù, bákan náà ló rí.

"Ẹ̀yin èèyàn!" Cody pariwo.

Wendell náà rẹ́rìn-ín, kó tó rántí ohun tí ẹ̀rín náà túmọ̀ sí fún òun.

"Ibì kan náà ni tirẹ̀ máa ń ṣì sí," ó rọra sọ fún Cody. "Èèyàn lè sún tẹ̀ lé e. Ibi tó bá wu tèmi ló ń ṣì sí. Ibo lo fẹ́ sún sí?"

"Ọdún mẹ́tàlá, bàbá àgbà."

"Mo mọ̀ ọ́n kà."

Ó bá Brandvold, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, níbi tó ti ń mu kọfí lẹ́nu ọ̀nà.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó máa gbá lónìí." Ó na ìka náà sí i.

"Ìgbà wo lèyí ṣẹlẹ̀?"

"Lánàá, sà."

"O wá ń sọ fún mi lónìí!"

"Mo jẹ̀bi, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì fi orúkọ wa ránṣẹ́. Levon lè ṣe é, bí Cody bá ti dúró níbi tí mo fi hàn án."

"Tí mo bá ti yọ ọ́, kò sí àtúnṣe o."

"Mo mọ̀, sà."

Brandvold wo ìka náà títí. "Tábìlì ìlọṣọ," ó wí nígbà tí Wendell ṣàlàyé. Ó bú tábìlì náà, kò bú Wendell.

Nígbà tí eré fẹ́ parí, àmì méjì ni wọ́n fi ń na Toledo. Bí wọ́n bá ta bọ́ọ̀lù wọ àárín òpó, mẹ́ta ni wọn yóò gbà. Wendell dúró létí pápá nínú jákẹ́ẹ̀tì. Levon bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Cody kúnlẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Bọ́ọ̀lù fò. Ọwọ́ Cody ni Wendell ń wò. Ọwọ́ náà gbá a mú, ó nà án ró, kò yí i rárá. Wendell kò wo òpó. Ariwo ayọ̀ àwọn èèyàn ló sọ fún un pé ó wọlé.

Bí eré ti parí, ìyàwó rẹ̀, Joanie, fa Tess ọmọ wọn lọ́wọ́ wọnú pápá. Rédíò tí Joanie fi ń gbọ́ eré ṣì wà létí rẹ̀. Levon sáré bá wọn.

"Àǹtí Joanie, ṣé wọ́n dárúkọ mi?"

"Rárá o. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ."

Levon hó yèè, ó gbé Wendell sókè, ó tún gbé e kalẹ̀, ó sì sáré lọ bá àwọn yòókù. Tess na ọwọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀. Wendell fa ìyẹn sẹ́yìn, ó sì fún un ní òsì.